Wọ́n ní ká yàn: ṣé Borstal ni, àbí kí ọmọ padà sílé pẹ̀lú kánsẹ́lìn? (Abẹ́òkúta)

IyaAladire_Itoku kọ:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará mi. Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tó ti fẹ́ dá ìjà sílẹ̀ nínú ẹbí wa, mo ní kí n gbé e wá síbí kí n tó fọwọ́ sí ohunkóhun.

Ọmọkùnrin kan tí àbúrò mi obìnrin bí, ọmọ ọdún 16, ni wọ́n mú pẹ̀lú àwọn ọmọkùnrin kan nítòsí Pánṣẹ́kẹ́. Wọ́n já fóònù gbà lọ́wọ́ obìnrin kan tó ń sọ̀ kalẹ̀ nínú máàrúwá. Àwọn yòókù dàgbà jù ú lọ. Fóònù ti padà sọ́wọ́ ẹni tó ni ín, àmọ́ ojú fóònù náà ti fọ́. Ní tẹ́ṣàn tí wọ́n kó wọn lọ, mi ò ní dárúkọ ibẹ̀, 18 ni wọ́n kọ síwájú orúkọ ọmọ náà, bẹ́ẹ̀ ìyá rẹ̀ ń pariwo pé kò tíì pé bẹ́ẹ̀.

A ti gba béèlì rẹ̀. Obìnrin kan láti ọ̀dọ̀ àwọn wẹ́fíà, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọmọ àti ẹbí, wá ní òun máa wá wo ilé, òun á sì kọ ohun tí òun bá rí sí adájọ́. Ó mẹ́nu ba kánsẹ́lìn. Ẹ̀gbọ́n wa ọkùnrin tó ń gbé Ìbarà ní ká má wulẹ̀ fi àsìkò ṣòfò, ká bẹ adájọ́ kó fi ọmọ náà ránṣẹ́ sí Borstal, ilé àtúnṣe ọ̀dọ́ tó wà ní Adìgbẹ, pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ ọmọ lọ́gbọ́n. Ìyá ọmọ ní ó di ẹ̀yìn òun.

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni pé, kí gan-an ni wọ́n ń ṣe nínú kánsẹ́lìn yìí? Ṣé kí wọ́n jókòó kí wọ́n máa bá a sọ̀rọ̀ náà ni? Torí tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀, a ti sọ ọ́ títí ẹnu wa fi bó.

BabaLantoro kọ:

Ìyá Aládìrẹ, ẹ kú àfaradà. Ẹ má bínú sí mi o, ọ̀rọ̀ àgbà ni mo fẹ́ sọ. Gbogbo kánsẹ́lìn yìí, àkẹ́bàjẹ́ ni. Ẹ wá ẹni tí ẹ mọ̀ ní ọgbà ẹ̀wọ̀n Ọba, kí wọ́n jẹ́ kí ọmọ yẹn wọlé lọ fojú ara rẹ̀ rí bí wọ́n ṣe ń jẹun níbẹ̀, kí àwọn ògbólógbòó inú ibẹ̀ jágbe mọ́ ọn dáadáa. Ọjọ́ kan péré. Tó bá jáde, kò ní fẹ́ rí fóònù ẹlòmíì sójú mọ́.

Loya_OkeIlewo kọ:

Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí ló yẹ ká kọ́kọ́ mú, torí òun ni gbogbo ìyókù dúró lé.

Ìyá, 18 tí wọ́n kọ yẹn kì í ṣe àṣìkọ tí ẹ lè fojú fò. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí ìjọba àpapọ̀ ṣe lọ́dún 2003, tí Ìpínlẹ̀ Ògùn sì sọ di tirẹ̀ lọ́dún 2006, sọ pé ẹni tí kò bá tíì pé ọdún 18, ọmọdé ni. Family Court, kóòtù tó ń gbọ́ ẹjọ́ ọmọdé, ló ni ẹjọ́ rẹ̀, kì í ṣe kóòtù tí wọ́n ti ń pe orúkọ àwọn àgbà lójú gbogbo ayé. Tí 18 yẹn bá dúró nínú ìwé, wọ́n á to ọmọ yín mọ́ àwọn àgbà tí wọ́n jọ mú, bí béèlì bá sì yí padà, ọgbà ẹ̀wọ̀n àgbà ló ń lọ. Ẹ wá ìwé ìbí rẹ̀ jáde lónìí. Tí kò bá sí, ẹ wá káàdì àjẹsára, ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ìwé ìsàmì, ohunkóhun tí wọ́n kọ ọjọ́ sí nígbà tó ṣì wà ní kékeré.

Abala 221 òfin náà sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ rán ọmọdé lẹ́wọ̀n, kò gbọdọ̀ pàṣẹ kí wọ́n nà án, kò gbọdọ̀ dájọ́ ikú fún un. Ohun tó kù fún adájọ́ pọ̀: ó lè tú ẹjọ́ ká, ó lè fi ọmọ sábẹ́ ìṣọ́ wẹ́fíà, ó lè ní kó máa lọ fún kánsẹ́lìn, ó lè fún un níṣẹ́ ìlú ṣe, ó lè ní kí òbí san owó gbà-má-bínú fún ẹni tí wọ́n ṣẹ̀. Títi ọmọ mọ́ ibì kan ló kẹ́yìn gbogbo rẹ̀. Kódà ọlọ́pàá fúnra wọn lágbára láti parí ẹ̀sùn tí kò bá le jù, láì jẹ́ pé ó dé kóòtù rárá.

Ti Borstal: mẹ́ta péré ló wà ní gbogbo Nàìjíríà, Kàdúná, Ìlọrin àti ti Adìgbẹ wa níbí. Ìjọba àpapọ̀ ló ni wọ́n. Ẹni tó ti pé 16 tí kò tíì pé 21 ni òfin rẹ̀ wà fún, ó sì lè tó ọdún 3. Ẹ ronú sí 3 yẹn dáadáa o. Ọmọ tó wọlé ní SS1, tí kò bá bá ìwé nìṣó níbẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á ti wọ yunifásítì kó tó jáde.

NoosiAro kọ:

Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ìlera ọpọlọ ni mo ń ṣe, ẹ jẹ́ kí n dá sí i.

Bàbá Láńtòrò, ohun tí ẹ dábàá yẹn, wọ́n ti dán an wò ní Amẹ́ríkà láti àwọn ọdún 1970s. Ọgbà ẹ̀wọ̀n Rahway ní New Jersey ló gbé e lókìkí. Àwọn tó ń ṣẹ̀wọ̀n gbére á máa bú mọ́ àwọn ọmọ kéékèèké, tẹlifíṣọ̀n gbé e, gbogbo ènìyàn ń pàtẹ́wọ́. Ìgbà tí àwọn olùwádìí wá mú apá kan lára àwọn ọmọ lọ, tí wọ́n fi apá kejì sílẹ̀ nílé, tí wọ́n sì ń ṣọ́ àwọn méjèèjì, àwọn tí wọ́n mú lọ yẹn gan-an ló ń padà sínú ìwà ọ̀daràn jù. Kì í ṣe ìwádìí kan ṣoṣo ló sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rù máa ń ba ọmọ lóòótọ́, àmọ́ ẹ̀rù yẹn kì í bá a dé ìgun ọ̀nà tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dúró sí.

Ìyá, ẹ bèèrè ohun tí wọ́n ń ṣe nínú kánsẹ́lìn. Tó bá jẹ́ ẹni tó mọṣẹ́ lẹ bọ́ sí lọ́wọ́, kò ní kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ olè rárá. Ó máa bèèrè bó ṣe ń sùn, ohun tó ń jẹ, ìgbà tó fi iléèwé sílẹ̀ àti ìdí rẹ̀, ohun tó ń mu tàbí tó ń fà, ẹni tó ń lù ú, bóyá ó ti ronú àtipa ara rẹ̀ rí. Ó máa sọ fún ọmọ náà pé ohun tó bá sọ, àárín àwọn méjèèjì ni, àfi tí ẹ̀mí ẹnì kan bá wà nínú ewu. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí ẹ̀yin àgbà jókòó tì í lọ́jọ́ yẹn.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá gbé ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀ yẹn kalẹ̀. Kí ló ṣáájú? Ta ló pè ọ́? Kí ló wá sí ọ lọ́kàn nígbà tí o rí fóònù? Kí lo ṣe? Kí ló tẹ̀yìn rẹ̀ yọ? Wọ́n á máa tú u palẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí ọmọ fúnra rẹ̀ á fi rí ibi tó ti lè yà kúrò lọ́nà. Wọ́n á tún fi ṣeré: kánsẹ́lọ̀ á di ọ̀rẹ́ tó ń pè é, ọmọ á máa wá bó ṣe máa kọ̀ láì tẹ́. CBT ni wọ́n ń pè é, ìtọ́jú tó ń kọ́ èèyàn láti yí èrò àti ìwà rẹ̀ padà. Ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀ ni, kì í ṣe ìwàásù ìgbà kan. Ẹ̀yin ti bá a sọ̀rọ̀ títí, mo gbà. Ṣùgbọ́n ta ló ti gbọ́ tirẹ̀?

Ohun kan tí mo máa ń kìlọ̀ rẹ̀: tí wọ́n bá ní kánsẹ́lìn oníẹgbẹ́ ni, ẹ bèèrè àwọn tí wọ́n jọ máa jókòó. Tí wọ́n bá kó ọmọ tó kọsẹ̀ lẹ́ẹ̀kan pọ̀ mọ́ àwọn tó ti di ọ̀gá nínú rẹ̀, ẹ̀kọ́ míì ló máa kọ́.

Tayo_Onigerun kọ:

Ẹ káàárọ̀ mà. Mo ti gbé irú ilé bẹ́ẹ̀ rí. Kì í ṣe ti Adìgbẹ, kì í tún ṣe ní ìpínlẹ̀ yìí, ẹ má bi mí léèrè orúkọ.

Mi ò jalè. Mo ń sá níléèwé, mo ń sùn síta, bàbá mi fúnra wọn ló mú mi lọ. Wọ́n ní apá àwọn ò ká mi mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún bọ̀ọ̀dá yín ní Ìbarà pé irú wa pọ̀ nínú àwọn ilé yẹn, àwọn tí òbí wọn ló rán wọn wá.

Mi ò ní purọ́ pé kò sí ohun rere níbẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ irun gígẹ̀ tí mo fi ń jẹun lónìí, ibẹ̀ ni mo ti ṣe ìdánwò. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ náà ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣí àgádágodo láì lo kọ́kọ́rọ́, torí ẹni tó ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn kó tó dé. Kánsẹ́lọ̀ kan ṣoṣo ló wà, àwa sì pọ̀ bí eéṣú. Ọjọ́ tó kàn mí, ìbéèrè tó kọ́kọ́ bi mí ni, "Níbo lo máa ń sùn tí o kò bá sùn nílé?" Mo bú sẹ́kún. Kò sẹ́ni tó bi mí bẹ́ẹ̀ rí, kódà àwọn tó ń wá mi kiri.

Ibi tí ó bàjẹ́ sí ni ìgbà tí mo jáde. Wọ́n fún mi lówó ọkọ̀, ó parí. Ẹnikẹ́ni kò wá wò mí. Bàbá mi ṣì ń bínú, àwọn ọ̀rẹ́ mi ṣì wà lójúko, iléèwé tí mo ń lọ tẹ́lẹ̀ ní àwọn ò gbà mí mọ́. Kí wọ́n fọ aṣọ tán kí wọ́n wá lọ sá a sórí ẹrẹ̀, ohun tí wọ́n ṣe fún mi nìyẹn. Àǹtí mi kan tó ní ṣọ́ọ̀bù ló gbà mí sọ́dọ̀, òun ló là mí.

BabaLantoro kọ:

Tayọ̀, ọmọ mi, ó dáa tí o rí ọ̀nà. Nọ́ọ̀sì náà, mo gbọ́ ti Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ ọmọ, ọmọ, ọmọ. Obìnrin tí wọ́n já fóònù gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ńkọ́? Bóyá inú fóònù yẹn ni oníbàárà rẹ̀ wà. Bóyá kò lè wọ máàrúwá lálẹ́ mọ́ báyìí. Ta ló ń ṣe kánsẹ́lìn fún òun?

Loya_OkeIlewo kọ:

Ìbéèrè gidi lèyí, Bàbá, mo sì dúpẹ́ pé ẹ bèèrè rẹ̀, torí àwa lọ́yà náà a máa ń gbàgbé rẹ̀.

Ní New Zealand, lọ́dún 1989, wọ́n yí òfin ọmọ wọn padà lẹ́yìn tí àwọn Māori, ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀, ń ráhùn pé ìjọba kàn ń kó ọmọ àwọn lọ ni. Láti ìgbà náà, kí kóòtù tó dájọ́ pé kí wọ́n ti ọmọ mọ́ ibikíbi, wọ́n gbọ́dọ̀ pe ìpàdé ẹbí. Ọmọ á wà níbẹ̀, bàbá, ìyá, ẹ̀gbọ́n, àbúrò bàbá, ọlọ́pàá, àti ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ tó bá fẹ́ wá. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ á sọ ohun tó jẹ lójú ọmọ. Wọ́n á wá jọ dá ohun tí ọmọ máa ṣe láti fi tún un ṣe. Ṣé ẹ rí i, kì í ṣe ohun àjèjì sí ẹbí Ẹ̀gbá kankan. Òfin tó sọ àjọ ọgbà ẹ̀wọ̀n di àjọ àtúnṣe ní Nàìjíríà lọ́dún 2019 náà fi irú ìlàjà bẹ́ẹ̀ kún un.

Ìyá Aládìrẹ, ẹ gba ọ̀dọ̀ wẹ́fíà bèèrè bóyá obìnrin náà á gbà kí ẹ jókòó. Ẹ má lọ bá a fúnra yín o. Tí ẹ bá lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀ lálẹ́, ó lè rò pé ẹ wá halẹ̀ mọ́ òun, ẹjọ́ á sì di méjì.

Mekaniiki_Lafenwa kọ:

Ẹ kú ìjíròrò o. Èmi ni wọ́n máa ń gbé irú àwọn ọmọ báyìí wá bá. "Ọ̀gá, ẹ bá wa gbà á, ẹ fún un níṣẹ́." Mo ti gbà wọ́n, àwọn kan ti gbòmìnira lọ́wọ́ mi, ẹnì kan gbé jáàkì mi sálọ. Mi ò ní sọ pé kò dùn mí.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé wọ́n á kàn já ọmọ sílẹ̀, wọn ò ní sọ ohunkóhun fún mi. Tàbí kí wọ́n sọ ọ́ fún gbogbo ṣọ́ọ̀bù. Méjèèjì ò dáa. Èmi nìkan ni kí ẹ sọ fún, àwọn ọmọṣẹ́ mi ò nílò rẹ̀. Ọjọ́ tí nǹkan bá sọnù, òun ni wọ́n á kọ́kọ́ nàka sí, bí ẹlòmíì tilẹ̀ gbé e. Ọjọ́ yẹn gan-an ló máa ń pinnu bóyá ọmọ á dúró. Ọ̀gá tó bá dá a lẹ́jọ́ láì wádìí, ó ti lé e padà sí ìgun ọ̀nà nìyẹn.

Ẹ̀ẹ̀kejì, owó. Wọ́n á kọ́ ọmọ níṣẹ́ nínú ilé àtúnṣe, wọ́n á fún un ní ìwé ẹ̀rí, wọn ò ní fún un ní irinṣẹ́. Ìwé ẹ̀rí ò tú nọ́ọ̀tì. Tí ìjọba bá fẹ́ náwó, kí wọ́n ra àpótí irinṣẹ́, kí ó wà lọ́wọ́ ọ̀gá títí ọmọ á fi parí.

Àti pé kó máa padà síléèwé ní àárọ̀ kó wá síbi iṣẹ́ ní ọ̀sán, mo gbà á. Àwọn ọ̀gá kan ò gbà á. Kí ẹ bèèrè kí ẹ tó sanwó.

Onidiri_Kuto kọ:

Gbogbo ohun tí ẹ sọ dáa, ẹnikẹ́ni ò tíì sọ ti owó ọkọ̀. Òun àti ìyá rẹ̀, àlọ àtàbọ̀, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Kánsẹ́lìn ọ̀fẹ́ kì í ṣe ọ̀fẹ́ o 😂

IyaAladire_Itoku kọ:

Mo ka gbogbo rẹ̀, ẹ ṣeun gan-an. Onídìrí, òótọ́ lo sọ. Kútọ̀ náà ni ìyá rẹ̀ ti ń ta ata, ìdájí ló ń jáde. Bàbá ọmọ ti lọ tipẹ́. Ọmọ yẹn dá iléèwé dúró ní SS1 nígbà tí owó ò sí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá ọkọ̀ jáde gẹ́gẹ́ bíi kọ́ńdọ̀.

Nọ́ọ̀sì, lánàá mo bi í ní ìbéèrè Tayọ̀ yẹn, níbo lo máa ń sùn. Ó ní inú ọkọ̀. Inú ọkọ̀ yẹn náà ni wọ́n ti fún un ní kọ̀lọ̀rádò, igbó àtọwọ́dá tí àwọn ọ̀dọ́ ń fà. Ẹ̀gbọ́n wa gbọ́, ló bá yí ohùn padà, ó ní kì í ṣe Borstal mọ́, pé òun mọ ilé àdúrà kan lẹ́yìn ìlú tí wọ́n ti máa ń de irú wọn mọ́lẹ̀ títí ojú wọn á fi wálẹ̀. Kí ni ká ṣe?

NoosiAro kọ:

Ẹ má gbé e lọ. Mo bẹ̀ yín.

Ní November 2019, ọlọ́pàá wọ irú ilé bẹ́ẹ̀ ní Ọjọ́ọ̀, n'Ìbàdàn, wọ́n tú àwọn tó lé ní 200 sílẹ̀, pẹ̀lú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lẹ́sẹ̀ àwọn kan. Àwọn ẹbí tó nífẹ̀ẹ́ wọn ló mú ọ̀pọ̀ wọn lọ síbẹ̀. Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ kì í mú kọ̀lọ̀rádò kúrò lára. Ohun tó máa ń fi sílẹ̀ ni egbò àti ìkórìíra.

Abẹ́òkúta la wà, ilé ìwòsàn Aró wà níbí, wọ́n sì ń tọ́jú ẹni tí oògùn ti mú lẹ́rú. Kí dókítà kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò, torí kọ̀lọ̀rádò lè mú kí ọmọ máa gbọ́ ohùn tí ẹlòmíì ò gbọ́. Ẹ sọ fún wẹ́fíà náà kó kọ ọ́ sínú ìwé adájọ́ pé ìtọ́jú ló nílò. Kò bà á lẹ́jọ́ jẹ́, ó lè ràn án lọ́wọ́.

Níwọ̀n bí mo ti dárúkọ Aró, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí. Ní 1954, nígbà tí Dókítà Thomas Adeoye Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta níbí, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Aró, kò ti gbogbo aláìsàn mọ́lé. Àwọn abúlé tó yí Aró ká ló fi wọ́n wọ̀ sí, lọ́dọ̀ àwọn àgbẹ̀, wọ́n á wá gba ìtọ́jú lọ́sàn-án. Aláìsàn kankan kò sì gbọdọ̀ dá wá, ó gbọ́dọ̀ mú ará ilé rẹ̀ kan dání tí wọ́n á jọ máa gbé. Àwọn dókítà káàkiri ayé wá wò ó. Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ ni pé nínú gbogbo ètò àtúnṣe ọmọ tó ti ṣiṣẹ́ tí mo mọ̀, ẹbí wà nínú rẹ̀. Tí kánsẹ́lọ̀ bá ń rí ọmọ nìkan, tí ìyá ò sí níbẹ̀, tí ẹ̀gbọ́n Ìbarà ò sí níbẹ̀, kò ní pẹ́ tí yóò fi padà sínú ọkọ̀ yẹn lọ sùn. Ẹ sọ fún wọn pé ìrọ̀lẹ́ tí ọjà bá tú ni ìyá lè wá. Ó yẹ kí wọ́n gbà á.

Alfa_Adatan kọ:

Àdúrà ò lòdì sí ohun tí nọ́ọ̀sì sọ. Ẹni tó bá ní ká de ọmọ mọ́lẹ̀ ká tó gbàdúrà fún un, àdúrà kọ́ ló ń ṣe. Tí ẹ bá wà nítòsí Adátán, ilé kéú wa ń ṣí nírọ̀lẹ́, àwọn ọ̀dọ́ wa máa ń gbá bọ́ọ̀lù lẹ́yìn àsàlátù. Kó wá gbá bọ́ọ̀lù. Mi ò ní bi í léèrè ohunkóhun.

BabaLantoro kọ:

Alfa, ẹ ṣeun. Mo ṣì wà lórí ọ̀rọ̀ mi pé ọmọ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ohun tó ṣe burú, kó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣiṣẹ́ san owó ojú fóònù yẹn, kì í ṣe ìyá aláta. Tó bá wá tún hu irú ìwà yẹn ńkọ́? Ẹ ò dáhùn ìyẹn.

NoosiAro kọ:

Ó lè tún hù ú, Bàbá. Ẹni tó ń jáwọ́ nínú oògùn pàápàá máa ń ṣubú kó tó dúró. Ìdí nìyẹn tí ó fi yẹ kí ẹ ti kọ ọ́ sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀: tó bá pa ìpàdé jẹ, ta ló máa pe ta? Tí kò bá sùn nílé, ta ló máa wá a, níbo? Lórí pé kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ san owó yẹn, mo wà lẹ́yìn yín pátápátá.

Mekaniiki_Lafenwa kọ:

Kó wá rí mi. Tí dókítà bá ti rí i, tí wọ́n ní ó lè ṣiṣẹ́. Mo máa máa yọ owó ojú fóònù yẹn díẹ̀díẹ̀ nínú owó oúnjẹ rẹ̀, kó mọ̀ pé òun ló ń san án. Ẹ fi nọ́ńbà ránṣẹ́ sí mi ní kọ̀rọ̀, ẹ má kọ ọ́ síbí.

IyaAladire_Itoku kọ:

Ọlọ́run á san án fún yín o, ọ̀gá. Ọjọ́bọ̀ ni wẹ́fíà ń bọ̀ wá wo ilé. Ìyá rẹ̀ ní òun ò ní lọ sọ́jà lọ́jọ́ náà. Ẹ̀gbọ́n Ìbarà ní òun máa wá, ṣùgbọ́n òun ò ní sọ̀rọ̀. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Mo ti rí káàdì àjẹsára rẹ̀ lábẹ́ àpótí aṣọ ìyá rẹ̀, eku ti jẹ etí rẹ̀ àmọ́ ọjọ́ ìbí ṣì hàn. Lọ́yà, ṣé wọ́n á gbà á?

Loya_OkeIlewo kọ:

Ẹ mú un wá pẹ̀lú ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kí méjèèjì jẹ́rìí síra. Ìyá rẹ̀ á tún lọ búra sí ìwé ọjọ́ orí ní kóòtù. Ẹ ṣe fọ́tòkọ́pì gbogbo rẹ̀ kó tó di Ọjọ́bọ̀, ẹ má sì fi ojúlówó sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kódà kó wọ aṣọ iṣẹ́.